Àgbò nìkan kọ́ ni Iléyá

Bí ọdún Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó bá dúró ní Mayfair, n'Ilé-Ifẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Àgbò á wà lórí ọkọ̀, òmíràn á wà nínú búùtù, àwọn ọmọ tó ń ti Ìbàdàn àti Èkó bọ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ojú kì í tètè rí ni ìṣirò tí ìyá ilé ń ṣe nínú yàrá.

Ọ̀pọ̀ baálé ilé ló gbà pé bí àwọn bá ti so àgbò mọ́lẹ̀, àwọn ti ṣọdún tán. Ta ni yóò wá ra ìrẹsì, òróró, ata, àlùbọ́sà, iṣu tí wọ́n máa gún fún àlejò, àti èédú tàbí gáàsì tí wọ́n máa fi sè é? Lọ́dún 2024, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, lásìkò tí tòmátì wọ́n bí ojú. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ bá fi gbogbo owó ra àgbò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, owó òwò rẹ̀ ni yóò wọ inú ọbẹ̀. Bí kò bá ní, á lọ yá owó èlé. Ẹran á pọ̀ nínú ìkòkò, gbèsè náà á sì pọ̀.

Ẹ̀sìn gan-an kò le tó báyìí. Kò ní kí ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a pa ẹran. Èèyàn méje lè dáwó jọ ra màlúù kan. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Ọba Mohammed VI ti ilẹ̀ Mòrókò rọ àwọn ará ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n má pa ẹran Iléyá ọdún náà, torí ọ̀dá ti dín àgùntàn wọn kù.

Ó yẹ kí tọkọtaya jókòó ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, kí wọ́n ka iye ẹnu tí yóò jẹun, kí wọ́n sì yọ owó ọbẹ̀ sọ́tọ̀ kí baálé tó dé ìsọ̀ àgbò. Ìrẹsì àti òróró ṣeé rà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi náà, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn ohun tí wọn yóò mú bọ̀. Kúlà òfìfo ni àwọn kan ń gbé wálé, ẹran ni wọ́n sì ń kó sínú rẹ̀ padà sí Èkó, nígbà tí ìyá wọn kò tíì bọ́ aṣọ ìdáná lọ́rùn.