Apínlẹ́tà Shilaidaha
Etí odò Padma ni abúlé Shilaidaha wà, ní ilẹ̀ Bẹ̀ngálì tí í ṣe Bangladesh lónìí. Ibẹ̀ ni Rabindranath Tagore ti bójú tó ilẹ̀ ìdílé rẹ̀, tí ó ń kọ̀wé nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwa tí a kà á ní èdè Faransé, bí André Gide ti túmọ̀ rẹ̀, mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ta ni ó mọ Gagan Harkara? Lẹ́tà ni ó ń pín lábúlé náà, ó sì ń kọ orin àwọn Baul, àwọn tí ń wá Ọlọ́run nínú ara ènìyàn. Ohùn orin rẹ̀ ni Tagore mú ní 1905, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín Bẹ̀ngálì sí méjì, tí ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Òun ni orin orílẹ̀-èdè Bangladesh títí di òní. Ilé Tagore ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ti Harkara, orúkọ iṣẹ́ lásán ni: ẹni tí ń jíṣẹ́ fúnni.