Owó Tó Ń Ṣọ́ Òkè Kò Yẹ Kó Jẹ́ Owó Àlejò

Tí wọ́n bá bi wá ní kíláàsì pé òkè wo ló ga jù ní Nàìjíríà, kí ẹnikẹ́ni tó ronú, àwọn ará iwájú á ti pariwo "Olúmọ!" Àwọn ará ẹ̀yìn á ní "Ìdànrè ni jàre!" Ẹ jọ̀ọ́, kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Chappal Waddi ni. Ó ga tó 2,419 mítà, ìpínlẹ̀ Taraba ló wà, létí ààlà àwa àti Kamẹrúùnù. Inú igbó ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Gashaka-Gumti National Park ló dúró sí. Ọ̀rọ̀ igbó yẹn ni mo fẹ́ sọ, pàápàá ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ so igbó Gashaka pọ̀ mọ́ igbó Gumti, tí méjèèjì di National Park kan ṣoṣo. Òun ló tóbi jù nínú àwọn tí a ní. Ó lé ní 6,000 kìlómítà níbùú lóòró. Ẹ fojú inú wo gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó, láti Badagry títí dé Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di méjì. Ilẹ̀ koríko wà nísàlẹ̀, igbó kìjikìji wà ní àfonífojì, téèyàn bá sì gòkè dé òkè pátápátá, otútù ni yóò máa gbọ̀n ọ́n. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga jura lọ yìí ló jẹ́ kí onírúurú ẹ̀dá pọ̀ níbẹ̀, torí ohun tó ń gbé ìsàlẹ̀ lè má lè gbé òkè rárá.

Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni ìnàkí, àwọn tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ kò sí níbikíbi láyé àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, gbogbo wọn pátá kò sì ju bí 9,000 lọ mọ́. Wọ́n gbọ́n débi pé wọ́n máa ń fi igi wa oyin jẹ, wọ́n á tún ki igi bọ ilé ìjàlọ kí ìjàlọ lè gùn ún, kí wọ́n wá gbá a sẹ́nu. (Ẹni tí ìjàlọ bá ti ta rí á mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.) Èso tí wọ́n bá jẹ, wọ́n á yà á síbòmíràn, igi tuntun á hù níbẹ̀. Àgbẹ̀ igbó ni wọ́n.

Ta ló ń sanwó kí gbogbo èyí má bàa parun? Ẹ̀ṣọ́ igbó máa ń jẹun. Ó nílò bàtà, rédíò, epo ọ̀kadà, oògùn ibà, àti owó oṣù tí kì í pẹ́. Àwọn tó ń bá jà náà ò fọwọ́ lẹ́rán: àwọn kan ń dọdẹ ẹran ìgbẹ́, àwọn kan ń gé igi rosewood tí wọ́n ń kó lọ sí Ṣáínà, àwọn kan sì ń da màlúù wọ ibi tí kò yẹ. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ò bá sì rówó gbà, ẹni tó fẹ́ gé igi á fún un ní nǹkan, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ẹ má bínú, òótọ́ ni mò ń sọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbà ẹranko Chester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó ń fowó ran iṣẹ́ ìwádìí ní Gashaka. Ní báyìí, àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, Africa Nature Investors, ń bá National Park Service ṣàkóso igbó náà pọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí olùrànlọ́wọ́ bá lọ lọ́la ńkọ́?

Àwọn kan máa ń sọ pé ká ṣe bíi Rùwáńdà. Ẹ jẹ́ ká yẹ Rùwáńdà wò dáadáa, torí wọ́n gbìyànjú gan-an ni. Ní àwọn òkè Virunga, tí Rùwáńdà, Ùgáńdà àti Kóńgò jọ ni, gọ̀rílà orí òkè kò ju bí 250 lọ ní nǹkan bí 1981. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2015 sí 2016, wọ́n ti di 604. Láti 2017, àlejò tó bá fẹ́ rí gọ̀rílà ní Rùwáńdà, 1,500 dọ́là ni yóò san, fún wákàtí kan péré lọ́dọ̀ wọn! Nínú owó tó ń wọlé sí àwọn National Park wọn, ìdá 10 nínú 100 ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí igbó ká. Wọ́n ti fi kọ́ ilé ìwé, wọ́n ti fi fa omi ẹ̀rọ. Apá yẹn ni mo fara mọ́ jù. Baba tí wọ́n ní kó má dọdẹ mọ́, kó má gégi mọ́, ó yẹ kó rí nǹkan gbà dípò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2020. Kòrónà dé, wọ́n ti igbó gọ̀rílà pa láti March títí di June, ọkọ̀ òfuurufú ò fò, àlejò ò wá, owó ò wọlé. Ẹbí gọ̀rílà ò mọ Kòrónà o, ẹni tó fẹ́ dẹ okùn fún wọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ní April ọdún yẹn kan náà, ní apá Kóńgò, àwọn agbébọn pa ẹ̀ṣọ́ igbó Virunga 12 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí èèyàn fi ẹ̀mí ṣe báyìí, ṣé ó yẹ kí owó rẹ̀ dúró de ìgbà tí àlejò bá rí ọkọ̀ wọ̀?

Tiwa tún yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ẹbí gọ̀rílà Rùwáńdà ti mọ èèyàn lójú. Ìnàkí Gashaka kì í fẹ́ kẹ́ ẹ rí òun, tó bá ti gbúròó yín, ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, ìbẹ̀rù ajínigbé ò sì jẹ́ kí àwa tí a jọ wà ní Nàìjíríà gan-an lọ, ká tó wá sọ òyìnbó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí Gashaka fi owó àlejò bọ́ ara rẹ̀, àlá ló ń lá.

Ẹlòmíràn á ní, "Ilé ìwòsàn ò lóògùn, òrùlé kíláàsì ń jò, ìwọ wá ń sọ̀rọ̀ ọ̀bọ!" Ìbéèrè tó dáa ni. Ìdáhùn mi ni omi. Inú àwọn òkè yẹn ni ọ̀pọ̀ odò ti ń ṣàn wọ Odò Taraba. Taraba ń ṣàn wọ Bẹ́núè, Bẹ́núè ń lọ pàdé Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja. Igbó orí òkè máa ń fa òjò mu bíi kànrìnkàn, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí igbó bá tán, erùpẹ̀ ni òjò á máa wọ́ lọ sódò. Ẹni tó ń gbin ìrẹsì létí Bẹ́núè, tí ẹ̀yin àti èmi ń rà lọ́jà, á jẹ níbẹ̀.

Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn tó lé ní bílíọ̀nù 5 dọ́là láti fi Odò Donga ṣe iná mànàmáná, ní òkè Mambilla tó jẹ́ aládùúgbò igbó yìí. Iná yẹn ò tíì tàn, ẹ jẹ́ ká fi tiyẹn sílẹ̀. Tí a bá lè sọ̀rọ̀ bílíọ̀nù dọ́là fún ẹ̀rọ tí yóò máa lo omi, kí ló dé tí a ò lè rí díẹ̀ fún igbó tó ń mú omi wá?

Costa Rica, tí òun náà ní òkè àti igbó rẹpẹtẹ, ti ṣe òfin ní 1996 pé kí apá kan nínú owó orí epo mọ́tò máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó bá jẹ́ kí igbó wọn dúró. Àwa náà lè ṣe é. Ká ní náírà kan péré lórí lítà epo kan, kí òfin dè é mọ́lẹ̀, kí gómìnà tàbí mínísítà kankan má lè fọwọ́ kàn án. Kí apá kan jẹ́ ti àwọn ẹ̀ṣọ́, kí apá kan jẹ́ ti àwọn abúlé, títí kan àwọn Fúlàní darandaran tí ìjọba fi àyè sílẹ̀ fún nínú igbó náà. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á fẹ́ bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ epo yìí. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n owó àpò wa kì í sá lọ bí owó àlejò.

Ìdí tí mo fi ń kánjú ni pé National Park méje la ní tẹ́lẹ̀, tí Old Oyo tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Láyé ìjọba Buhari, wọ́n fọwọ́ sí 10 mìíràn. Ọmọ méje wà nílé tí wọn ò tíì yó, a tún bí mẹ́wàá lé e. Ọ̀kan nínú àwọn tuntun yẹn ni Oba Hill ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Ọdún méjì sí i, ọ̀pọ̀ nínú wa ní SS2 á ti tó ìbò dì. Tí àwọn olóṣèlú bá wá pín ìrẹsì ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ bá mi bi wọ́n: ẹ̀ṣọ́ mélòó ló wà ní Oba Hill, ta ló sì ń san owó oṣù wọn?