Àbàtà Tí A Tà Lọ́pọ̀

Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ẹni tó pa òwe yìí mọ̀ dájú pé iyèkan ni àwọn méjèèjì. Bí odò bá kún, àbàtà níí gba àṣẹ́kù omi mọ́ra, tí ilẹ̀ yóò sì máa fà á mu díẹ̀díẹ̀.

Àwa ọ̀làjú ìlú Ìbàdàn ni a wá ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ òfìfo. A gé e ní púlọ́ọ̀tì, a fi yẹ̀pẹ̀ dí i, a sì kọ́lé sí i títí dé etí omi. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa ya wọ ilé. Ó lé ní 100 ẹ̀mí tó bá a lọ. A fi kọnkéré tẹ́ odò. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 2011, omíyalé tún gba ìlú. Ó tún lé ní 100 ènìyàn tó kú. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là nítorí ọ̀ràn yìí kan náà. Ǹjẹ́ ohun tí àìsí rẹ̀ ń ná wa ní irú owó báyìí ni à ń pè ní òfìfo?

Wọn yóò ní òjò ló fà á. Àgbàrá òjò kò kúkú ní òun kò níí wólé. Onílé ni kò níí gbà. Wọn yóò tún ní a kò lè fi àbàtà jẹun. Mo ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe lórí odò Charles, tó ṣàn gba Boston. Ìsédò ìbá ná wọn tó 100 mílíọ̀nù dọ́là. Dípò bẹ́ẹ̀, kí ó tó di òpin 1983, wọ́n ti gba nǹkan bí 8,000 éékà àbàtà òkè odò náà sọ́wọ́ ìjọba, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́lé síbẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìsédò ni wọ́n ná.

Èmi kò sọ pé kí a má gbẹ́ gọ́tà. Ṣùgbọ́n kọnkéré kì í mu omi. Ńṣe ló ń lé e lọ bá ará ìsàlẹ̀. Ẹni tó ta àbàtà sì kọ́ ni omi ń gbé lọ. Kí ìjọba dẹ́kun fífi òǹtẹ̀ lu ìwé ilé etí odò. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò níí rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.