Gbòǹgbò Kọ́ Ló Ni Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń di àṣà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè, èmi kò sì fara mọ́ ọn. Wọ́n ní àwọn ará Mákòko, níbi tí mo ń gbé, ń ṣi ọ̀rọ̀ lò bí wọ́n bá pe aríran ìjọ wọn ní wòlíì. Wọ́n ní walī ni a yá nínú èdè Lárúbáwá, kì í ṣe nabī, èyí tí àwọn Mùsùlùmí wa ń pè ní ànábì.

Òtítọ́ ni pé wáù, láámù àti yáà ni gbòǹgbò walī, sísúnmọ́ sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni walī ti jáde, ọ̀rẹ́ tàbí alágbàtọ́, ẹni tí ń fa ọmọge fọ́kọ nídìí yìgì, àti wālī, gómìnà, àti mawlā. Kí ni mawlā? Olówó ẹrú ni, ẹrú tí a dá sílẹ̀ sì ni pẹ̀lú! Gbòǹgbò tí ó bí olówó àti ẹrú sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣé òun ni yóò ṣe adájọ́ wa?

Ẹ wo àlàáfíà. ʿĀfiya, ara líle, ni ìyá rẹ̀. ʿafw, ìdáríjì, sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Bí a bá wá kí ara wa pé, "Ṣé àlàáfíà ni?", ṣé ìdáríjì ni à ń tọrọ?

Kí ọ̀rúndún 19 tó parí ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi wòlíì sínú Bíbélì Yorùbá. Ní 1950, ìjọ Sẹ̀lẹ́, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, bá àwọn apẹja Ègùn dé Mákòko, wòlíì sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá wá kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè pé àṣìlò ni, ọmọ apẹja tí ó bá ṣí ìwé náà yóò rò pé ìyá òun kò gbọ́ Yorùbá.

Wọn a máa pa á lówe pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ó dára. Ẹ kọ orísun sílẹ̀, èmi náà ń kọ́ ọ tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n ibi tí omi dé ni a ti ń wa ọkọ̀. Kí ìtumọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn wa ṣáájú, kí gbòǹgbò máa tẹ̀lé e.