Òjò Abidjan Yàtọ̀ sí Òjò Man

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ látọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tó ń tajà ní Treichville. Ó ní òun ti dá àjọ fún ọdún kan gbáko, kí òun lè kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú Man, níbi tí òkè àti igbó wà, kí wọ́n sun ahéré fún òru mẹ́ta, kí wọ́n sì gbọ́ igbe ẹyẹ dípò ariwo ọkọ̀. Oṣù August ló ní lọ́kàn, torí iléèwé á ti wà ní ìsinmi, òjò á sì ti dáwọ́ dúró. Àmọ́ ohun méjì ń kọ ọ́ lóminú. Bàbá àwọn ọmọ ní owó yẹn lè gbé wọn dé Èjìgbò lọ kí ìyá àgbà. Bákan náà, ọmọ kejì, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní àìsàn sickle cell, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ó wá béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n mú un dání, àbí kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀?”

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ oṣù August yẹn, torí ibẹ̀ ló ti máa ń rú ọ̀pọ̀ ìdílé lójú. Ní Abidjan níbí, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti May títí di July, òjò kékeré á sì tún dé ní October àti November. Ní August, ojú ọ̀run lè ṣú, ara lè tutù, ṣùgbọ́n òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Àwọn tó dàgbà nílé mọ ìsinmi òjò yìí dáadáa, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó náà. Àmọ́ nǹkan bíi 580 kìlómítà ni ọ̀nà Abidjan sí Man, òjò tibẹ̀ kì í sì í tẹ̀ lé tiwa. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́hùn-ún. Òjò náà á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi March tàbí April, á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, August àti September ló sì máa ń pọ̀ jù. Torí náà, ẹni tó bá wo ojú ọ̀run Abidjan tó fi di ẹrù rẹ̀, àárín òjò gan-an ló ń kó ọmọ lọ. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ á ti di ẹrẹ̀, àpáta á máa yọ̀, ẹ̀fọn á pọ̀, kùrukùru á sì bo òkè tẹ́ ẹ torí ẹ̀ náwó.

Láti November sí February ni ilẹ̀ máa ń gbẹ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń yàn, November ni mo máa mú, torí òjò ti lọ, omi ṣì ń já dáadáa látorí òkè, ọyẹ́ ò sì tíì fi eruku bo ojú ọ̀nà. Àmọ́ àwọn ọmọ ò ní ráyè tó pọ̀ nígbà yẹn, torí náà ìsinmi Kérésì ló kù. Ẹ fi sọ́kàn pé ọyẹ́ lè ti dé nígbà yẹn, kẹ́ ẹ má lè rí ọ̀nà jíjìn, omi á sì ti dín kù. Kò sí oṣù kan tí gbogbo rẹ̀ máa ń dára pa pọ̀.

Kí lẹ máa rí níbẹ̀? Ìlú olókè 18 ni wọ́n ń pe Man. Àpáta tí wọ́n ń pè ní Dent de Man, ìyẹn Eyín Man, ló gbajúmọ̀ jù. Ó ga tó 881 mítà. Ẹni tó ti gun òkè Ìdànrè mọ̀ pé wọ́n ṣe àtẹ̀gùn tó lé ní 600 síbẹ̀. Kò sí irú ẹ̀ ní Eyín Man. Gbòǹgbò igi àti òkúta lẹ máa dì mú, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ lọ láìsí afinimọ̀nà. Òkè Tonkoui ga jù ú lọ, ó ju 1,100 mítà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ gòkè lọ síbi tí òpó tẹlifíṣọ̀n wà. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, wọ́n ní èèyàn lè rí ilẹ̀ Guinea àti Liberia látorí rẹ̀. Òṣòòrò omi wà ní Zadepleu, tí kò jìnnà sígboro. Igbó kékeré kan sì wà ní Gbêpleu, níbi tí àwọn ọ̀bọ tí ẹnikẹ́ni kì í pa ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Ìyẹn nìkan tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Afárá onítàkùn tó wà lápá Danané ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn Dan, tí wọ́n tún ń pè ní Yacouba, ló ń fi ìtàkùn igbó hun ún sórí odò, àwọn tó ti wọ awo nìkan ló sì ń ṣe é. Ọmọ Yorùbá tó mọ ohun tó ń jẹ́ orò ò ní béèrè ìdí tí wọn ò fi jẹ́ kí àlejò wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ máa bọ́ bàtà kẹ́ ẹ tó gorí rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú, kí wọ́n má bàa rò pé ìyà ni. Ní ti òkè Nimba, tó ga tó 1,752 mítà tó sì ga jù lọ lórílẹ̀-èdè wa, ẹ má fi kún ètò yín. Ibi ìpamọ́ tí wọ́n tì mọ́ àwọn onígbafẹ́ ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa ń mọ̀ tí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀, ó sì máa ń mọ ìdí ẹ̀. Torí náà, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán oṣù kan ṣáájú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún un. Òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ wà lára ohun tó máa ń mú kí ìrora àìsàn náà gbérí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà nínú irú ìrìn àjò yìí. Òkè tí àwọn dókítà máa ń bẹ̀rù jù fún àwọn tó ní sickle cell ni èyí tó ju 2,000 mítà lọ. Tonkoui ò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn orí rẹ̀ máa ń tutù. Torí náà, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbé e gòkè. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gun Eyín Man tí wọ́n bá fẹ́. Òun ní tiẹ̀ á lọ bá àwọn ọ̀bọ ṣeré. Ẹ má jẹ́ kó wọnú òṣòòrò omi, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Omi tútù tó dédé bo gbogbo ara lè dá ìrora sílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì. A kì í fún ọmọ lómi, kó má bàa ní kí dẹ́rẹ́bà dúró kóun tọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yìí. Kó máa mu omi, tí dẹ́rẹ́bà bá ń ráhùn, kó máa ráhùn. Ẹ mú súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà dání, kẹ́ ẹ sì di oògùn tó ń lò sínú àpò ọwọ́ yín, kì í ṣe sínú ẹrù tó wà lórí ọkọ̀. Ibà burú fún un ju àwọn yòókù lọ, torí náà ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tiyín dání, kódà tí wọ́n bá ní ti ahéré wà ńlẹ̀. Ọsibítù ìjọba ńlá kan wà ní ìlú Man. Ẹ béèrè ọ̀nà ibẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, kì í ṣe lóru tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ahéré tó sún mọ́ ìgboro ló dáa jù fún yín, kódà bí èyí tó wà nínú igbó bá rẹwà jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ wọ́n láago, ẹ má kàn béèrè iye owó. Ẹ bi wọ́n bóyá fèrèsé ní nẹ́ẹ̀tì, bóyá ilẹ̀kùn ń tì, ibi tí omi mímu ti ń wá, bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe jìnnà tó lóru, ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà, àti bóyá ọkọ̀ lè dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ san díẹ̀ fi mú un. Ẹ má fi gbogbo owó ránṣẹ́ látorí fóònù sí ẹni tẹ́ ò tíì rí.

Ẹ pín ọ̀nà náà sí méjì. Láti December 2013 ni ọ̀nà márosẹ̀ ti dé Yamoussoukro, torí náà ẹ lè sùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí póòpù yà sí mímọ́ lọ́dún 1990 han àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gba Bouaflé, Daloa àti Duékoué dé Man. Ẹ má rìn lóru. Kòkó lẹ máa rí jù lọ́nà ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, igbó ilẹ̀ yìí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 hẹ́kítà. Ní báyìí kò pé mílíọ̀nù 3 mọ́, oko kòkó ló sì gba èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Igbó tí àwọn ọmọ yín fẹ́ lọ wò, ìyókù ni.

Láti 2007, wọn ò béèrè ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ́wọ́ ọmọ ECOWAS mọ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ lójú ọ̀nà, Man ò sì jìnnà sí ẹnubodè. Ẹ mú káàdì tàbí ìwé ìrìnnà yín dání, àti ìwé ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá wọn ò bá ní bá yín lọ, kó kọ lẹ́tà kó sì buwọ́ lù ú.

Ní ti bàbá àwọn ọmọ, òótọ́ ni pé ìyá àgbà ń dàgbà sí i. Ṣùgbọ́n ẹnubodè mẹ́rin lẹ máa kọjá kẹ́ ẹ tó wọ Nàìjíríà, owó ojú ọ̀nà àti ẹ̀bùn fún àwọn ará ilé ò sì kéré. Mi ò rò pé àjọ ọdún kan ìyá kan tó ń tajà máa tó fún un. Tí wọ́n bá fẹ́ kẹ́ ẹ lọ sílé lọ́dún tó ń bọ̀, kí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ tiwọn látòní. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ lọ rí dókítà ní October, kẹ́ ẹ sì gba ahéré kó tó di ìparí November, torí àwọn ará Abidjan tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn fún Kérésì kì í kéré.