"Dúró Ṣinṣin" Nìkan Kò Tó

Bí atúmọ̀-èdè bá bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "stable", pàdé nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, "dúró ṣinṣin" ni ó sábà máa ń kọ sílẹ̀ láìwẹ̀yìn wò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àwọn oníwàásù sì ti sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúwàbí tí kì í yẹsẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí jù. Ohun tí onímọ̀ físíìsì ń wí yàtọ̀.

Kí olùkọ́ gbé igbá kalẹ̀, kí ó fi òkúta róbótó kan sínú rẹ̀. Bí ó bá tì í, yóò yí síwá sẹ́yìn, yóò sì padà sí ìsàlẹ̀ igbá. Kí ó wá da igbá náà dé, kí ó rọra gbé òkúta lé téńté ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá balẹ̀, òkúta yóò dúró. Ẹni tí ó bá tì í díẹ̀, ó di ilẹ̀. Nínú ipò méjèèjì, agbára tí ń fa òkúta sísàlẹ̀ àti èyí tí ń gbé e ró dọ́gba. Síbẹ̀, ti inú igbá nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "stable". Pípadà ni ìyàtọ̀ wọn, kì í ṣe dídúró. Nítorí náà, kí "ìdọ́gba" jẹ́ orúkọ méjèèjì, kí ti inú igbá máa jẹ́ "ìdọ́gba abọ̀sípò", kí ti ẹ̀yìn igbá sì máa jẹ́ "ìdọ́gba ayẹ̀". Èyí kò ga ju òye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé Yorùbá tó kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì.

Nínú kẹ́místírì ńkọ́? Kábọ́ọ̀nù 14 a máa di náítírójìn díẹ̀díẹ̀, tí ìdajì rẹ̀ yóò fi lọ láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún. Kábọ́ọ̀nù 12 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Aláìjẹrà" ni ó bá a mu. Ti ìlú tí kò sí rògbòdìyàn kò le rárá: Yorùbá ti ń wí tipẹ́ pé ìlú tòrò.

Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rọrùn jù. Ó rọrùn fún atúmọ̀-èdè lóòótọ́. Ẹni tí yóò kà á ni kò rọrùn fún.

Ilé ìwòsàn ni àṣìṣe yìí ti léwu jù lọ. Dókítà lè lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún aláìsàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà láyé, tí èkejì wà lọ́run. Bí ògbufọ̀ bá wí fún àwọn ẹbí pé "ó ti dúró ṣinṣin", wọn yóò dúpẹ́, wọn yóò sì máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ohun tí dókítà wí kò ju pé àìsàn náà kò le sí i lọ. Kò wí pé ó ti rọ̀.