Àre Kì Í Nílò Èébú

Ní Èsìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ère òkúta tó lé ní 1,000 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945. Oníṣẹ̀ṣe, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló jọ ni ogún náà. Síbẹ̀, lọ́dún 2023, ní Ìlọrin, olú-ìlú Kwara kan náà, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ní ìyálórìṣà kan kò gbọdọ̀ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe. Lẹ́yìn èyí, àwọn kan bú òrìṣà, àwọn kan bú Ìsìláàmù.

Ìdènà yẹn ni àṣìṣe, kì í ṣe ẹ̀sìn aládùúgbò. Abala 38 nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún oníkálukú lómìnira ẹ̀sìn. Òun ni kí ẹni tí wọ́n fàbùkù kàn fi fèsì. Ẹni tó fi èébú dá èébú lóhùn ti sọ àre rẹ̀ di ẹ̀bi.